Ọgbà Ayálégbé

Ẹni tó bá ń yálé gbé ní Èkó tàbí Ìbàdàn mọ̀ pé ilẹ̀ tí òun ń tẹ̀ kì í ṣe ti òun. Bàbá onílé lè jí lọ́la kó ní òun fẹ́ da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá. Ó lè ní ibi tí ẹ gbin ata sí yẹn ni òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ó sì lè fi owó kún owó ilé débi pé kò ní sí ohun tó kù ju kí ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ. Nígbà tí a bá wá ń kó ẹrù, bẹ́ẹ̀dì ni, fíríìjì ni, ìkòkò àti àga ni, kò sẹ́ni tó ń rántí igi ewúro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Igi náà ti ta gbòǹgbò wọlẹ̀, kò ṣeé hú. A ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tàbí fún bíríkìlà tó máa fi àdá sí i nídìí.

Mo ti kó láti ilé dé ilé tó láti mọ̀ pé ó ṣeé gbé lọ. Ewúro tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìkòròdú báyìí, àgbàlá ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìṣẹ́yìn ló ti wá. Ó ti gba Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn kọjá, ó ti gba Agége kọjá, kò sì sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni hú u. Ẹ̀ka la máa ń gé. A ó fi aṣọ tútù wé e, a ó kì í bọ inú ọ̀rá, a ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó parí. Ìyá àgbà ti lọ sinmi, igi tó gbìn ṣì ń fún wa ní ẹ̀fọ́.

Igi kan náà ni mo wí, mi ò wí pé ọmọ rẹ̀. Èyí ni ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kóró tó bá bọ́ láti ara igi, bàbá àti ìyá ló ní. Ó lè jọ ìyá rẹ̀, ó sì lè má jọ ọ́. Ẹ̀ka tí a gé kò ní bàbá kankan. Ohun tó wà lára igi tí a ti gé e ló wà lára rẹ̀, kò dín, kò lé. Bí ewúro ìyá àgbà bá jẹ́ èyí tí kò korò púpọ̀, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí kì í pẹ́ rúwé padà bí a bá já a, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí mo gbìn yóò ṣe rí. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń wí yẹn gan-an, ara ìyá rẹ̀ kan náà ni.

Mo sì gbà tọkàntọkàn pé nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà gbin nǹkan, gígé ẹ̀ka gbìn ló bá ayálégbé mu jù. Kò béèrè ilẹ̀. Kò béèrè owó irúgbìn. Kò sì ní kí a dúró sójú kan. Ẹni tó ní fàráńdà tí kò ju ìbú ẹni lọ, tàbí ojú fèrèsé kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó ti ní ibi tó tó.

Kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì rárá. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà nítòsí oko tí kò mọ̀ pé igi ẹ̀gẹ́ la ń gé gbìn. Láti Brazil ni àwọn Potogí ti gbé ẹ̀gẹ́ wá sí etíkun wa, igi tí wọ́n ń gé lé ara wọn lọ́wọ́ ló sì fi ta ká gbogbo ilẹ̀ yìí. Ìrèké, ẹ̀ka la ń gé gbìn. Ọ̀dùnkún, okùn rẹ̀ la ń gé gbìn. Àmúnútutù ńkọ́? Okùn náà ni. Pẹ̀rẹ̀gún tó wà ní ààlà ilẹ̀, akòko tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ lé olóyè lórí, ìyeyè tí wọ́n fi ṣe ọgbà yíká ilé, ẹ̀ka ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ tó sì di igi. Ẹni tó bá ti fi agúnmáníyè ṣe òpó iṣu rí ti rí i kí òpó fúnra rẹ̀ rúwé kí iṣu tó ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí a dé ìgboro, a rò pé ọgbọ́n oko ni, a fi í sílẹ̀ sóko. Ewúro àti ẹfinrin wá di ohun tí à ń rà ní ìdì-ìdì lọ́jà, tí yóò sì ti rọ kó tó délé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ewúro, nítorí òun ló rọrùn jù, òun náà ló sì ń kọ́ni ní púpọ̀ jù.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ewúro ló ṣeé gbìn. Ṣóńṣó orí rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ yóò rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí igi tó ti gbó, tí èèpo rẹ̀ ti le, lè hù, àmọ́ ó máa ń pẹ́. Èyí tó wà láàárín ni kí ẹ wá: tó ti ń kúrò ní àwọ̀ ewé bọ́ sí àwọ̀ ilẹ̀, tó tó àtàǹpàkò ní ìnípọn, tí a bá sì tẹ̀ ẹ́ kò ní ṣẹ́ kíákíá. Rúlà àwọn ọmọ iléèwé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Kí ẹ̀ka yín má gùn jù ú lọ. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ewé ti yọ tàbí ibi tí ewé ti bọ́, tó wú díẹ̀. Oríkèé nìyẹn. Abẹ́ oríkèé ni kí ẹ ti gé e, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti máa ń fẹ́ yọ. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e. Ọ̀bẹ tó kú máa ń tẹ ẹran ara igi pa, ibi tó bá tẹ̀ pa ni ìjẹrà ti ń wọlé.

Ohun kan wà tí ìyá àgbà máa ń ṣe tí n kò bèèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó máa ń gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ka ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á sì gé òkè rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí ẹ̀ka bá ti pọ̀ nílẹ̀ tí ewé kò sì sí lórí wọn mọ́, kò rọrùn láti mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Ẹni tó bá sì gbìn ín ní ìdojúdé, iṣẹ́ òfo ló ṣe.

Kí ló dé tí ẹ̀ka fi mọ ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí orí? Ìbéèrè yìí gba àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1928, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Frits Went, fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀mùnú ọkà oat pé nǹkan kan wà tí ṣóńṣó ewéko ń ṣe, tó ń ṣàn wálẹ̀, òun ló sì ń mú kí ewéko náà gùn. Auxin ni wọ́n ń pe irú hómóònù yìí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí ìgbà náà, wọ́n mọ ohun tó jẹ́ gan-an, wọ́n sì rí i pé òun náà ló ń pe gbòǹgbò jáde. Láti orí ẹ̀ka àti ewé tuntun ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, kì í yí padà. Bí a bá wá gé ẹ̀ka, ọ̀nà rẹ̀ dí ní ojú ibi tí a gé, ó kó jọ síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọ́n á di gbòǹgbò. Bí a bá tilẹ̀ da ẹ̀ka dé, ìdí rẹ̀ ti àtijọ́ ló ṣì mọ̀ ní ìdí. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbin òdòdó, tí wọ́n ń ti ìdí ẹ̀ka bọ̀, mọ̀lẹ́bí auxin yìí ló wà nínú rẹ̀.

Ewúro kò nílò ìyẹ̀fun yẹn. Ẹfinrin náà kò nílò rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí mo ń rí àwọn tó ń ná owó lórí rẹ̀, mo sì ń rí àwọn mìíràn tó ń fi oyin pa ìdí ẹ̀ka tàbí tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi àgbọn. Omi àgbọn ní ohun tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pín, òótọ́ ni, àwọn tó ń tọ́ ewéko nínú ìgò ní ilé ìwádìí ń lò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbòǹgbò yàtọ̀, ewúro sì ti ní tirẹ̀ lára. Ẹ mu omi àgbọn yín.

Ẹ padà sí ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́. Ẹ já gbogbo ewé rẹ̀, kó má ku ju méjì kéékèèké lọ lórí, tàbí kó má kù rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn èyí. Ó ń ṣe wọ́n bíi pé ewé ni ìyè ẹ̀ka. Ẹ rò ó báyìí: ewé ń mí, bó sì ti ń mí ni omi ń jáde lára rẹ̀. Igi tó ní gbòǹgbò ń fa omi mìíràn láti fi rọ́pò. Ẹ̀ka tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò ní ibi tó ti máa fà á. Ó dà bí olórí ilé tí wọ́n dá owó oṣù rẹ̀ dúró, tí gbogbo ẹbí ṣì ń béèrè owó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ kí gbòǹgbò tó yọ, ẹ̀ka á ti gbẹ. Nítorí náà, kì í ṣe oúnjẹ ni ẹ̀ka ń wá ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Kò wá ìgbẹ́ adìyẹ, kò wá ajílẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni pé kí omi tó wà lára rẹ̀ má tètè tán.

Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí a já ewé lálẹ́. Ó ní ewé ń sùn. Ìdájí ló máa ń gé ẹ̀ka, kí oòrùn tó mú. Bí mo ṣe ń kà nípa ọ̀rọ̀ yìí ni mo wá mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ọ̀gbìn náà ń sọ ohun kan náà nípa òwúrọ̀: láti òru ni igi ti ń fa omi kún ara rẹ̀, oòrùn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ka tí a gé ní òwúrọ̀ kùtù gbé omi tirẹ̀ dání wá.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní òòró, kí oríkèé méjì tàbí mẹ́ta wọ ilẹ̀. Èyí tó dàgẹ̀rẹ̀ máa ń yọ ẹ̀ka púpọ̀ ju èyí tó nàró gbọnrangandan lọ, ẹ̀ka púpọ̀ sì ni ewé púpọ̀. Ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lára. Abẹ́ òjìji ni kó wà, kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù díẹ̀ láì di ẹrẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù rẹ̀ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i tí ojú ẹ̀ka yóò là, ewé kékeré á yọ. Inú yín á dùn. Ẹ ó ní ó ti hù. Kò tíì hù. Oúnjẹ tí igi ti tọ́jú sínú ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló fi yọ ewé yẹn. Ó lè má tíì sí gbòǹgbò kan ṣoṣo lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú oòrùn ní àsìkò yẹn, yóò gbẹ, bí ẹ bá sì fà á láti wò ó bóyá ó ti mú ilẹ̀, ẹ ti já fọ́nrán gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú jáde. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ewé tuntun náà bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn bí oṣù kan, tí wọn kò rọ ní ọ̀sán, nígbà náà ni ẹ lè sọ pé igi ti dúró.

Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá ṣe ń gé e ni yóò máa pọ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀ka kan tí a bá gé lórí ewúro, méjì tàbí mẹ́ta ló máa fi rọ́pò. Igi ewúro tí a kò bá gé lè ga ju òrùlé lọ. Igi onílé ni ìyẹn. Tiwa, a ó máa gé e kó má ju àyà lọ, kí ọwọ́ lè tó o.

Ohun kan tún wà nípa igi ewúro tí mi ò lè má sọ. Lọ́dún 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu ń tẹ̀lé abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n rí i tó ṣẹ́ ẹ̀ka ewúro, tó bó èèpo rẹ̀ kúrò, tó ń jẹ inú igi náà lẹ́nu tó sì ń mu oje rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Irú ẹ̀ka tó bó jẹ yẹn ni irú èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè fi ewúro rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún un o. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán wò. Ẹ̀fọ́ ni ewúro nínú ìkòkò tèmi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹfinrin yàtọ̀. Ẹfinrin kò nílò ilẹ̀ rárá níbẹ̀rẹ̀. Ife omi kan ti tó. Ẹfinrin ńlá ni mo ń wí, èyí tí igi rẹ̀ ń le, tí a ń fi sínú ọbẹ̀ ata àti ẹ̀fọ́. Ẹ mú ẹ̀ka tí kò tíì yọ òdòdó, nítorí ẹ̀ka tó ti ń yọ òdòdó ti kọ ojú sí kóró, kò ráyè gbòǹgbò. Bó bá jẹ́ pé èyí tó ní òdòdó nìkan lẹ rí, ẹ gé òdòdó náà kúrò. Gígùn ọwọ́ kan, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka, ti tó. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ tán, kí ewé kankan má wọ inú omi, nítorí yóò jẹrà, omi á sì máa rùn.

Ẹ gbé ife náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò ti ní bà á tààrà. Mo máa ń lo ife tí a lè rí inú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Igi ẹfinrin kì í ṣe róbótó. Bí ẹ bá fi ìka yí i, ẹ ó mọ igun mẹ́rin lára rẹ̀, ewé á sì máa yọ ní méjì-méjì, wọ́n á kọjú síra. Lábẹ́ omi, ní ojú oríkèé, àwọn nǹkan kéékèèké funfun á kọ́kọ́ yọ, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ìdin ni. Láàárọ̀ ọjọ́ bíi mélòó kan sí i, wọ́n á ti gùn, wọ́n á mọ́ gaara, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ á sì máa yọ lára wọn. Bí ẹ bá gbé e sókè kúrò nínú omi, gbogbo wọn á lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá dá a padà, wọ́n á tún là. Òórùn ẹfinrin á wà lọ́wọ́ yín títí di ọ̀sán.

Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù níbẹ̀. Gbòǹgbò tó bá dàgbà nínú omi, omi ló mọ̀. Ó rọrùn láti ṣẹ́, ilẹ̀ á sì nira fún un. Bó bá ti gùn tó ìwọ̀n oríkèé ìka kan tàbí méjì, ẹ gbé e lọ sínú ilẹ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ín dáadáa fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kó lè mọ ilé tuntun.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ní ewu kan tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ní ilẹ̀ wa: ẹ̀fọn. Omi tó dúró sójú kan nínú ife ni ẹ̀fọn ń wá. Ọjọ́ méjì-méjì ni kí ẹ máa da omi náà nù, kí ẹ fọ ife, kí ẹ bu tuntun. Ó dára fún ẹfinrin náà, nítorí gbòǹgbò ń mí, omi tuntun ló sì ní atẹ́gùn. Ẹ tún lè fi ọ̀rá dúdú wé ife náà kí nǹkan aláwọ̀ ewé má baà bò ó nínú. Gbòǹgbò fẹ́ràn òkùnkùn lọ́nàkọnà.

Ohun tí a ó gbìn ín sí kì í wọ́n láàárín ìlú. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a fọ̀, tí a dá ihò sí nídìí, ó tó fún ẹ̀ka kan. Ike ọ̀dà àtijọ́ tó fún igi tó ti dàgbà, bí a bá ti fọ ọ̀dà ara rẹ̀ tán pátá. Agolo mílíìkì wà. Ihò ìdí yẹn ni ẹ má gbàgbé, nítorí omi tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń pa ẹ̀ka ju ọ̀dá lọ. Ilẹ̀dú tí a pò mọ́ yanrìn ni mo ń lò. Àwọn kan ń lọ bu ilẹ̀ orí àkìtàn. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ni lóòótọ́, ó dára fún igi tó ti ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó gbóná fún ẹ̀ka tó ní ojú ọgbẹ́ nídìí, àfọ́kù ìgò àti bátìrì sì wà nínú rẹ̀ tí n kò fẹ́ nínú ẹ̀fọ́ mi.

Ìgbà òjò ni ìgbà rẹ̀, láti oṣù kẹrin lọ. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ó ń fa omi lára ẹ̀ka láti gbogbo ìhà. Bí ó bá di dandan kí ẹ gé nígbà ọyẹ́, bí ó ti máa ń rí fún wa nígbà tí owó ilé bá parí ní oṣù kejìlá, ẹ gé ìdí ike omi ńlá kan kúrò, kí ẹ fi dé ẹ̀ka náà mọ́lẹ̀. Omi tó ń jáde lára ewé á kó jọ sínú ike, ẹ ó rí i bí ìrì. Ẹ máa ṣí ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn wọlé.

Ṣé ẹ rántí pé mo ní ohun tó wà lára ìyá ló wà lára ẹ̀ka? Àìsàn wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ jìyà èyí gan-an. Àrùn kan wà tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kó sì kákò. Eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ kan ló ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n igi tí àgbẹ̀ fi tọwọ́tọwọ́ gé fún ọmọnìkejì rẹ̀ náà ń gbé e. Ó wà lára ohun tí IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1967, bá jìjàkadì, tí wọ́n fi wá irú ẹ̀gẹ́ tó lè dúró tì í. Nítorí náà, ẹ wo ìyá kí ẹ tó gé ọmọ lára rẹ̀. Bí ewé bá kákò, bí nǹkan funfun bá ń fò nígbà tí ẹ gbọn ẹ̀ka, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní igi, kí ẹ wá òmíràn lọ.

Koríko ọba kò ní ẹ̀ka tí a ń gé. Ẹ fa ìdí rẹ̀ ya, kí èyí tí ẹ yà ní gbòǹgbò díẹ̀, kí ẹ gé ewé rẹ̀ kúrú, kí ẹ gbìn ín. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀, kóró ni kí ẹ wá fún wọn.

Àbámọdá ni mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn ọmọdé. Kò tilẹ̀ nílò ẹ̀ka. Ewé kan ti tó. Ẹ já ewé tó nípọn, kí ẹ gbé e lé orí ilẹ̀ tútù, kí ẹ má bò ó. Etí ewé náà rí ṣáká-ṣàkà bí eyín ayùn, inú àwọn kòtò etí náà ni igi kéékèèké ti máa ń yọ, ti ewé ti gbòǹgbò, ní ìlà, wọ́n á máa jẹ lára ewé ìyá wọn títí yóò fi rọ. Láti Madagascar ni ewéko yìí ti wá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó sì ti dé ibi gbogbo tí otútù kì í pa á. Àwọn ọlọ́rìṣà ní Brazil mọ̀ ọ́n dáadáa. Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì tó kú lọ́dún 1832, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè gbìn ín. Títí dòní, àwọn ará Jámánì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ewéko náà. Inú mi dùn sí ìtàn yìí púpọ̀. Ewé tí ìyá àgbà ń já fún ikọ́ ọmọ ni ọkùnrin yẹn ń fi sínú lẹ́tà. Inú ike nìkan ni kí ẹ gbìn ín sí o. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ó máa ń gba ilẹ̀. Ní Australia, èpò tó ń pa màlúù ni wọ́n kà á sí.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ayálégbé lòun náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi ẹ̀ka ewúro yẹn sínú báàgì ẹni tó ń bọ̀." Mo ní kò ṣeé ṣe. Òfin wọn ni pé ewéko tí a fẹ́ gbìn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn, mo sì rò pé wọ́n jàre, nítorí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa ẹ̀gẹ́ yẹn. Ohun tí mo ní kó ṣe ni kó lọ ra basil inú ike ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Mọ̀lẹ́bí ẹfinrin ni. Ike kan ṣoṣo yẹn, igi wẹ́wẹ́ tó pọ̀ ni wọ́n fún mọ́ra wọn sínú rẹ̀, ìdí nìyí tí kì í fi í pẹ́ kó tó kú lójú fèrèsé. Ó gé orí wọn sínú omi, gbòǹgbò yọ, ó pín wọn sínú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Míńtì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kódà ó yá jù ú lọ. Ó ní òórùn rẹ̀ kò tó ti ẹfinrin ilé, mo sì gbà fún un, ṣùgbọ́n ó ti ń fi se ọbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka fún ara yín, ẹ gé fún ẹlòmíràn pẹ̀lú. Mo ní ìdí tó ju ọ̀làwọ́ lọ. Ní Agége, mo rìnrìn àjò lọ sílé, kí n tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti gé ewúro náà láti ìdí, wọ́n ti da kọnkéré lé e. N kò lè lọ bá Ìṣẹ́yìn fún ẹ̀ka tuntun. Wọ́n ti ta ilé náà. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní òpópónà kejì ni mo ti fún ní ẹ̀ka rẹ̀ ṣáájú, mo sì lọ bá a. Igi tirẹ̀ ti ga jù ú lọ. Ó ní, "Ṣé ewúro tẹ́ ẹ fún mi náà lẹ tún ń tọrọ?" Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó gé e fún mi ní àgékún, ó tún ní kí n mú ẹfinrin bọ̀ tí mo bá ń padà bọ̀, nítorí ewúrẹ́ ti jẹ tòun. Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ fún un nínú ife, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀.